Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kàdírì Fi Wà ní Kútọnu

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní agboolé àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, pé níbo ni Kàdírì wà, kíá ni yóò dá yín lóhùn pé ó wà ní Kútọnu, ó lọ gba afẹ́fẹ́ etí òkun. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ fi kún un pé á ti dé Gànyìé nísinsìnyí, ìlú tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí omi, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà. Irọ́ ni. Kàdírì wà nínú yàrá rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ti fèrèsé pa, òógùn bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ikọ́ sì ń yún un lọ́fun, kò gbọdọ̀ wú u.

Jùmọ̀kẹ́, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Bàbá mi, láti kékeré lẹ ti ń jókòó sídìí òfì. Ẹ jẹ́ kí ojú yín rí òkun kí ẹ tó darúgbó." Àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n máa ń kó ènìyàn lọ ṣe fàájì ní Kútọnu, láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Wọn yóò sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, wọn yóò wo òkun, wọn yóò wo Gànyìé, wọn yóò sì padà. Ọmọ ti san gbogbo rẹ̀. Kí bàbá ṣáà ti di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì ni.

Ká ní Kàdírì pa ẹnu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa ẹnu mọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí kò rí omi tó ju ti ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ lọ rí? Ó sọ fún onígbàjámọ̀, ó sọ ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ fún àwọn tó wá ra aṣọ, ó sọ fún àwọn tó kàn ń kọjá lọ. Ó ní kí Àwáwù ìyàwó òun máa kí òun ní "bọ́ńjùù" láràárọ̀, èdè Faransé tó kọ́ lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń ná ọjà ààlà ní Ìjìó. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, gbogbo àdúgbò ló ti wá kí i pé kó lọ ire kó bọ̀ ire. Áfáà ṣàdúrà sí i lórí. Ẹnìkan ní kó bá òun ra bẹ́líìtì, ìyá arúgbó kan sì gbé ike wá pé kó bá òun bu omi òkun, òun fẹ́ fi wẹ ẹsẹ̀ tó ń ro òun. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kàdírì kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn sí ìrìn-àjò náà. Ràsáàkì ni. Òun àti Kàdírì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá Kàdírì, òfì àwọn méjèèjì sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, lábẹ́ abà páánù tó wà níwájú fèrèsé Kàdírì. Mùyìbátù, ọmọ Ràsáàkì obìnrin, ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti ìrìn-àjò náà. Kàdírì ló ń hun aṣọ tí ọmọ náà yóò wọ̀. Òwú ṣẹ́dà pupa tí ìyá ọmọ fi sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n fi ń hun ún. Díẹ̀díẹ̀ ni obìnrin náà rà á jọ sínú àpótí, láti ìgbà tí Mùyìbátù ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń tà á fún un ti kú, irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Bí òwú yẹn bá tán, ó tán nìyẹn.

Ahunṣọ ni Ràsáàkì fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ fún Kàdírì nítorí ọnà kan tí bàbá Kàdírì fi sílẹ̀, tí ìyá Mùyìbátù fẹ́ràn nígbà ayé rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òfì, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹ́lọ̀ ni yóò tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò rán wọn pọ̀, ọnà ara tàkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọnà ara ìkejì. Nínú ọnà bàbá Kàdírì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ahunṣọ yóò ju òwú kọjá, tí yóò fi asà gbá a mọ́ra, kó tó gbé ọnà sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin a máa sápamọ́ sábẹ́ ọnà. Ẹni tó bá ń fi ojú ka ara aṣọ, mẹ́ta ni yóò rí. Bàbá Kàdírì kò sọ èyí fún ẹlòmíràn àfi ọmọ rẹ̀, Kàdírì náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa wá bẹ òun.

"Aṣọ ọmọ mi wà lórí òfì, o ń lọ wo omi?" Ràsáàkì bi í lójú gbogbo àwọn tó wá kí i.

"Ọjọ́ Ajé ni mò ń bọ̀. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, aṣọ ti parí."

"Òkun yẹn fẹ́ sá lọ ni?"

"Òkun ò ní sá lọ," Kàdírì fèsì, "ṣùgbọ́n èmi lè kú. Ẹni tó bá wù kó jókòó sídìí òfì títí wọ́n á fi gbé e lọ sí sàréè, kó máa jókòó lọ. Èmi ti dìde ní tèmi."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ràsáàkì kò rẹ́rìn-ín. Ó ká etí agbádá rẹ̀ sókè, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ ti fọ́. Peter, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kó wọn lọ, bá wọn ní gáréèjì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìwé ọkọ̀ tí wọn yóò fi kọjá ààlà kò tíì pé, kí wọ́n má bínú, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọn yóò tó lọ. Ó ra míníráàlì tútù fún oníkálukú. Àwọn yòókù kùn díẹ̀, wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì gba ilé lọ. Kàdírì nìkan ló dúró sójú kan, báàgì ní ọwọ́ ọ̀tún, ike ìyá arúgbó ní ọwọ́ òsì. Ó ń wo bí òun yóò ṣe wọ agboolé. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín. Ó ń gbọ́ ohùn Ràsáàkì tó ń bi í pé, "Ṣé o ti dìde tán?" Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, Kàdírì sì gbà wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà tọkàntọkàn.

Ó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí gáréèjì. Ó rò pé òun lè fara pamọ́ sí Ìbàdàn títí di ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin méjì láti Ìsẹ́yìn ru aṣọ kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń lọ sọ́jà Òjé. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló sá sí. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mà kúkú wà ní gbogbo Ìbàdàn! Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n òmùgọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn: ta ni yóò wá ẹni tó wà ní Kútọnu wá sí yàrá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn? Ó wọ mọ́tò. Ìrun Jímọ̀ ni ó fojú sùn, nítorí gbogbo ọkùnrin agboolé ni yóò wà ní mọ́ṣáláṣí. Bí ó ti rò ó ló rí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sì jókòó.

Nígbà tí Àwáwù dé, tó ṣílẹ̀kùn kó lè mú ìborùn, ariwo bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Láìláà ílálláà! Bàbá Jùmọ̀kẹ́! Ṣé Kútọnu lẹ ti ń bọ̀?"

"Rọra sọ̀rọ̀." Kàdírì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwáwù fi ọwọ́ bo ẹnu. Kàdírì rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni," Kàdírì wí. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, màá gba ẹ̀yìnkùlé jáde, màá gba títì wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn pé ẹ rí?"

"Mo ti wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù."

Àwáwù mi orí, ó sì lọ gbé oúnjẹ wá fún un. Obìnrin tó ní sùúrù ni. Sùúrù náà ní ibi tó mọ.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀ rí kò mọ̀ pé ilé lè fún ènìyàn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún ni, òjò kò tíì rọ̀, páánù gbóná, fèrèsé kò sì ṣeé ṣí. Máńgòrò tó bá já lu òrùlé, ọkàn Kàdírì a fò. Ọ̀fun rẹ̀ ń yún un, kò lè húkọ́. Ó pa fóònù rẹ̀ kó má baà dún. Garawa kan ló fi ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Àwáwù sì ń gbé e jáde lábẹ́ aṣọ fífọ̀. Iyán kò ṣeé gún, nítorí ìgbà tí Àwáwù gbé odó jáde, aládùúgbò kan bi í pé, "Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ta lẹ fẹ́ gúnyán fún, ṣebí Bàbá ò sí nílé?" Àwáwù dá odó padà. Iṣu sísè ni Kàdírì ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ láìjẹ́ kí ṣíbí kan àwo.

Èyí tó dà á láàmú jù lọ ni ìrun. Arìnrìn-àjò a máa gé ìrun rẹ̀ kúrú, èyí tó yẹ kó jẹ́ rákà mẹ́rin yóò di méjì. Kàdírì dúró lórí ẹní ní àkókò Alásàárì lọ́jọ́ Jímọ̀, kò mọ èyí tí òun yóò kí. Níta, arìnrìn-àjò ni. Nínú yàrá, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ rẹ̀ tó fọ̀. Ó kí méjì. Lẹ́yìn tó sálámà, ojú tì í níwájú Ọlọ́run, ó dìde, ó tún un kí ní mẹ́rin. Láti ìgbà náà, méjèèjì ló ń kí pọ̀ lásìkò Àyìlà, lásìkò Alásàárì, lásìkò Ìṣáì. Kò sí áfáà tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, ó ṣì ń fi omi iṣu gbígbóná tu ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró òfì. Kì í ṣe òfì Ràsáàkì. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń gbọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Òfì tirẹ̀ gan-an ló ń dún. Ó yọ́ lọ sí ibi fèrèsé, ó fi etí mọ́ pákó rẹ̀. Ohùn Adégbénró tẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́dọ̀ gbà á, Bàbá Mùyì. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò lè rán an bá ọjọ́ yìgì. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi."

"Wàá gbà á," Ràsáàkì dáhùn. "Ẹni tó lọ wo òkun ò ní kí ọmọ mi wọ aṣọ àyálò lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. Mo ti ka ọnà yẹn. Kì í ṣe ohun ìyanu kankan. Mẹ́ta-mẹ́ta ni."

Asà bẹ̀rẹ̀ sí í lu òwú. Pà, pà, pà. Ó dákẹ́, ó gbé ọnà. Pà, pà, pà. Ó tún dákẹ́.

Kàdírì fi eyín di ètè. Mẹ́rin ni! Ẹ̀kẹrin wà lábẹ́, ojú kì í rí i! Bí ẹ bá gbé aṣọ yìí sójú kan, ẹ kò ní rí àṣìṣe kankan lára rẹ̀. Ìgbà tí tẹ́lọ̀ bá gbé e ti ara àwọn tí Kàdírì ti hun sílẹ̀ ni gbogbo ọnà yóò máa yẹ ara wọn sílẹ̀, tí aṣọ yóò rí wọ́gọwọ̀gọ, òwú tí wọ́n sì ti gbá mọ́ra kò ṣeé tú mọ́, ṣẹ́dà á já. Kò sí òmíràn lọ́jà.

N ò ní purọ́ fún yín nípa ohun tó kọ́kọ́ ṣe é. Inú rẹ̀ dùn. Ó dùn díẹ̀ pé Ràsáàkì kò mọ̀ ọ́n, pé láìsí òun, aṣọ yẹn kò lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Nígbà tí asà lù ú ní mẹ́ta fún ìgbà kẹwàá, inú rẹ̀ ti yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ kan kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn níta, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n tilẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ kúrò.

Ó pe Àwáwù. "Lọ sọ fún un pé mẹ́rin ni. Sọ pé mo sọ ọ́ fún ọ kí n tó lọ."

Àwáwù jáde. Kàdírì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Mùyì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Jùmọ̀kẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ẹ máa jù ú o, kí ẹ tó gbé ọnà."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kó tó lọ."

"Kó tó lọ, ó sọ fún èmi náà pé òun ń bọ̀ wá hun ún fúnra òun. Ó mọ̀ pé mo máa jókòó sí i ni?" Ràsáàkì rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. "Ẹ pè é lórí fóònù kí ó sọ fún mi fúnra rẹ̀. A ó fi gbọ́ bí òkun ṣe ń dún."

"Fóònù rẹ̀ kò lọ."

"Èmi náà ti pè é, kò lọ. Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi." Asà tún bẹ̀rẹ̀. Pà, pà, pà.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń hun ún. Kàdírì dùbúlẹ̀, ó fi ìrọ̀rí bo etí, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń kà á. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a dìde láti gbá ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbá. Ó ń bá ara rẹ̀ dúnàádúrà. Ó máa rẹ Ràsáàkì, yóò sinmi. Bóyá ojú Adégbénró kò ní tó o. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, òun ṣáà máa dé, òun yóò sì rí i ṣe. Kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀. Alẹ́ lẹ́, oorun kò kùn ún.

Àárọ̀ Àìkú, Àwáwù gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá, ó sì jókòó tì í.

"Ẹ jáde," ó ní.

"Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé."

"Ọ̀la, òwú á ti tán. Mo wo ibẹ̀. Ó ku ìdì mẹ́ta." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ẹ̀yin lẹ wà nínú yàrá, èmi ni mo wà nínú irọ́. Jùmọ̀kẹ́ pè mí láná, mo ní ẹ ń gbádùn. Mùyìbátù kí mi láàárọ̀ yìí, ó bi mí pé ṣé aṣọ òun dára, mo ní ó dára. Sàláátù ìyá rẹ̀ fi òwú yẹn hàn mí kó tó kú. Èmi àti òun la jọ tò ó sínú àpótí."

"Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín títí n ó fi kú."

"Ẹ̀sín ni ẹ ń wí?" Àwáwù sún àwo sí i, ó dìde. "Ẹ jẹun yín."

Kò jẹ ẹ́. Kàdírì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń wò ó. Ó dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn obìnrin àdúgbò ń kọjá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó ní kí wọ́n kọjá ná. Ìgbà kejì, ó ń wá aṣọ tí yóò wọ̀, bí ẹni pé aṣọ kan wà tí ènìyàn fi ń jáde kúrò nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta, ó kàn dìde ni, ó sì tún jókòó. Gbogbo àsìkò yìí ni asà ń dún, mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ń yá sí i, nítorí ọnà ti mọ́ Ràsáàkì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, ìró náà dúró. Ohùn Mùyìbátù ló gbọ́, nítòsí fèrèsé gan-an.

"Bàbá, èyí tó kù rèé. Mo ti yẹ àpótí wò dé ìsàlẹ̀. Kò sí mọ́."

"Ó máa tó," Ràsáàkì wí. "Gbé e sí ìtòsí mi."

Kàdírì ṣílẹ̀kùn.

Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ló wà lára rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ojú rẹ̀ wú. Oòrùn fọ́ ọ lójú, kò rí ẹnikẹ́ni dáadáa, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí ibi tí òfì wà, ó sì kígbe, "Mẹ́rin ni! Ràsáàkì, fi í sílẹ̀! Mẹ́rin ni, ẹ̀kẹrin wà lábẹ́!"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ràsáàkì wà lórí àpótí ìjókòó, Mùyìbátù dúró tì í pẹ̀lú ìdì òwú kan, Adégbénró tẹ́lọ̀ ń ká èyí tí wọ́n ti hun tán, àwọn ahunṣọ mẹ́rin mìíràn sì wà nídìí òfì tiwọn. Kàdírì dúró de ẹ̀rín. Ó di ara rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Wọn ò lọ mọ́ ni?" Adégbénró ló béèrè.

"Wọn ò lọ mọ́. Ìwé ọkọ̀ ò pé. Wọ́n sún un síwájú."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ó ṣeé ṣe nígbà mìíràn."

"Àmín," àwọn yòókù wí. Ó parí. Ọ̀rọ̀ tí Kàdírì torí rẹ̀ fi garawa ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ràsáàkì kò dá sí i. Ó ti gba aṣọ lọ́wọ́ tẹ́lọ̀. Ó mú èyí tí Kàdírì hun, ó mú èyí tí òun hun, ó tẹ́ wọn sórí itan, ó gbé etí wọn ti ara wọn. Ọnà àkọ́kọ́ ṣe rẹ́gí. Ìkejì yẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó fi ọwọ́ tẹ̀ lé e dé ìkẹwàá, ọnà ti ọ̀tún ti wà ní àárín méjì ti òsì. Ó fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá yóò bọ́ sípò.

"Ìgbà wo lo dé?" ó bi í, kò gbójú sókè.

"Jímọ̀."

"Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún."

"Mo mọ̀."

Ràsáàkì wo fèrèsé. Ó fi ojú wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ìdí òfì. Kò ju ìwọ̀n apá méjì lọ. "Ibẹ̀ yẹn lo wà."

"Ibẹ̀ ni mo wà."

"O sì ń gbọ́ mi."

Kàdírì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀: ojú tì mí, mo rán Àwáwù sí ọ, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ kéré ju aṣọ tó wà lórí itan ọkùnrin náà lọ. "Mo ń gbọ́ ọ," ó ní.

Nígbà náà ló wá wù ú pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ì bá fún wọn ní ohunkóhun tó ní kí ẹnì kan ṣáà pè é ní ará Kútọnu, kí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, kí ó sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ahunṣọ mẹ́rin náà tẹjú mọ́ òwú wọn. Àwáwù tó yọjú sí wọn ti padà wọlé.

Mùyìbátù ló sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìdì òwú náà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí lè tó fún?"

Kàdírì wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó fẹ́ purọ́ fún un, kò rí irọ́ kankan. "Gèlè," ó ní. "Kò lè ju gèlè lọ."

"Ẹ bá mi hun gèlè, Bàbá." Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò jẹ́ kí ó dà. Ó gba aṣọ tó wà lórí itan bàbá rẹ̀, ó ká a jọ, ó sì gbé e wọlé.

Ràsáàkì dìde kúrò lórí àpótí, Kàdírì sì jókòó. Ó ju òwú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Mẹ́rin, ó dákẹ́, ó gbé ọnà, mẹ́rin. Adégbénró kí gbogbo wọn pé ó dàárọ̀, ó lọ. Àwọn yòókù ká òwú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ ṣe àlùwàlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń wí bó ti ń kọjá pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," Kàdírì sì ń dáhùn.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, Ràsáàkì jáde nílé rẹ̀, ó gba abẹ́ abà kọjá. Ó gba ẹ̀yìn Kàdírì gan-an, etí agbádá rẹ̀ sì kan èjìká rẹ̀. Kàdírì dá ọwọ́ dúró, ó tẹ́tí. Ní Ìsẹ́yìn, ọmọdé tó ń lọ pọnmi kì í kọjá lára ahunṣọ kó má kí i kú iṣẹ́. Ọ̀tá a máa kí i. Ẹni tó wá fi ọlọ́pàá mú un gan-an yóò kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Ràsáàkì kọjá, kò sọ nǹkan kan, ó gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ.